Ọkọ̀ Tí Kì í Pariwo, Ṣáàfù Tó Ń Gbọ̀n

Ẹ́ńjìnnì epo ti bo ọ̀pọ̀ àṣírí fún wa. Bó ṣe ń hó tó sì ń kùn yẹn, ariwo rẹ̀ ń gbé gbogbo ariwo kéékèèké tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mì. Bẹ́rìn tó ti ń jẹ, rọ́bà tó ti là, jọ́ìntì tí gíríìsì rẹ̀ ti gbẹ, kálukú wọn á máa ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ títí nǹkan á fi já sójú títì. Ọkọ̀ oníná, ìyẹn èyí tó ń fi bátìrì rìn, kò ní irú ariwo bẹ́ẹ̀. Táyà lórí ọ̀dà, afẹ́fẹ́ lára gíláàsì, àti ìró fíìn tí ẹ̀rọ iná ń ṣe nìkan ni etí máa gbọ́. Bí nǹkan kan bá gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀. Èmi ka èyí sí oore. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ kà á sí ìyọnu, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí owó wọn ló ń bá a lọ.

Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, gúúsù-ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe é báyìí. Àwọn tó ń wa míníkáàbù ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, Yorùbá sì pọ̀ láàárín wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní ọdún 2023 ni Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní ìlú náà, ti fi dandan lé e pé ọkọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ yìí fún nígbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè rìn láìtú èéfín. Bí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ epo láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú yìí ṣe bọ́ sórí ọkọ̀ oníná nìyẹn. Gbèsè ló ra ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ wọn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró sí ṣọ́ọ̀bù mi, owó ọjọ́ yẹn ti lọ, gbèsè kò sì dúró.

Ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbé wá kì í yàtọ̀ púpọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá rọra ń lọ, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ wọ ọ̀nà A2, tí mo tẹná mọ́lẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì, á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì. Tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ báyìí, ó parí nìyẹn.” Nígbà tí mo bá gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, inú mi máa ń dùn, nítorí pé ìdajì ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti ná owó sí ibi tí kò yẹ. Wọ́n ti ṣe balansíìnì, wọ́n ti ṣe aláìnmẹ́ǹtì, wọ́n ti ra táyà tuntun mẹ́rin, ẹlòmíràn tilẹ̀ ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó gba owó wọn kò fi dandan jẹ́ olè. Ó gbọ́ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó sì mú ohun tó máa ń mú ọkọ̀ gbọ̀n jù lọ, ó ṣe é. Ohun tí kò ṣe ni pé kò bi awakọ̀ léèrè ìgbà tó ń gbọ̀n. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣíwájú sípánà.

Táyà kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ wà lórí iná tàbí kò sí níbẹ̀. Tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dọ́gba, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó ni yóò máa fi gbọ̀n, o ì báà tẹná, o ì báà gbé ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń di àádọ́ta maili ní wákàtí kan kí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lórí sìtíárìn. Èyí tó bá ń wá nígbà tí a bá tẹná tó sì ń lọ nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀, ara àwọn tó ń gbé ẹrù ló ti ń wá: ẹ̀rọ iná fúnra rẹ̀, gíà, rọ́bà tó di ẹ̀rọ mú mọ́ ara ọkọ̀ tí a máa ń pè ní ẹ́ńjìn-síìtì ní Èkó, ṣáàfù, àti jọ́ìntì tó wà ní orí àti ìdí ṣáàfù. Nínú àwọn wọ̀nyí, jọ́ìntì òde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà máa ń fi ara rẹ̀ hàn ní ọ̀nà tirẹ̀: yí sìtíárìn pátápátá, rọra máa lọ, wàá gbọ́ ká-ká-ká. Jọ́ìntì inú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà kì í dún bẹ́ẹ̀. Gbígbọ̀n ni tirẹ̀, lójú ọ̀nà tó tọ́, nígbà tí ẹrù bá wúwo.

Mo máa ń ní kí olówó ọkọ̀ wà á fúnra rẹ̀, kí èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló mọ ibi tí gbígbọ̀n náà ti ń wá. Màá so fóònù mọ́ irin tó wà nídìí àga, kí ó má baà máa jó fúnra rẹ̀. Áàpù kan wà lórí rẹ̀ tó ń lo ohun tí fóònù fi ń mọ̀ pé a ti yí òun padà, ó sì ń ka iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Tí ọkọ̀ bá ń lọ ní maili 30 ní wákàtí kan, mítà 13.4 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń gba bíi mítà 2 tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí bíi ìgbà 6.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣáàfù náà sì ń yí bẹ́ẹ̀. Tí fóònù bá ka nǹkan bíi 7, mo ti mọ̀ pé ohun kan tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo ni, táyà tàbí rímù ni màá lọ wò. Tí ó bá ka 53 tàbí nítòsí rẹ̀, a ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ iná, nítorí pé ẹ̀rọ iná máa ń yí bíi ìgbà mẹ́jọ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ó bá ka 20, tí ó sì gun òkè lọ sí 27 nígbà tí a dé maili 40, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ìyípo kan ló ń wáyé. Mo máa ń gbé fóònù hàn awakọ̀ nígbà yẹn. Mo fẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí owó rẹ̀ fẹ́ lọ bá, kí ó má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ torí pé mo wọ aṣọ iṣẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ìtàn gígùn ló wà níbẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá gba London Bridge kọjá sí apá àríwá odò Thames á rí òpó gíga kan tí wọ́n ń pè ní Monument, èyí tí wọ́n kọ́ fún ìrántí iná ńlá tó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666. Robert Hooke wà lára àwọn tó yàwòrán òpó náà. Hooke yìí kan náà ló ṣàlàyé jọ́ìntì irin kan, nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1676, tó lè gbé ìyípo kọjá láti ara ọ̀pá kan sí òmíràn bí ọ̀pá méjèèjì kò tilẹ̀ wà lórí ìlà kan. Irú rẹ̀ ṣì wà lára pùròpélà ọkọ̀ ẹrù títí dòní. Ó ní àbùkù kan tí kò ṣeé mú kúrò: tí o bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá kìíní á máa yí gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yí, ìkejì á máa yára, á máa falẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú gbogbo ìyípo. Bí ó bá ṣe tẹ̀ tó ni yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Lára ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń fa ọkọ̀ tó sì tún ń ṣẹ́ kọ́nà, ọwọ́ awakọ̀ kò ní sinmi. Ọdún 1926 ni Alfred Rzeppa, ẹnjiníà kan ní Ford, ṣe jọ́ìntì tó ń fi bọ́ọ̀lù irin gbé ìyípo láìyára láìfalẹ̀. Irú tirẹ̀, oníbọ́ọ̀lù mẹ́fà, ló wà ní jọ́ìntì òde ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí.

Jọ́ìntì inú yàtọ̀, nítorí pé iṣẹ́ méjì ló so pọ̀. Ó ń gbé ìyípo kọjá nígbà tí ṣáàfù bá tẹ̀, ó sì tún ń jẹ́ kí ṣáàfù wọlé kí ó jáde díẹ̀, torí pé nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń gòkè tó ń sọ̀ lórí bọ́ǹpù, àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ àti gíà ń gùn, ó ń kúrú. Jọ́ìntì oníka mẹ́ta ni wọ́n sábà ń fi síbẹ̀, èyí tí Michel Orain ti ilé-iṣẹ́ Glaenzer-Spicer ní ilẹ̀ Faransé gbé jáde. Ìka mẹ́ta ló wà ní orí ṣáàfù, ìka kọ̀ọ̀kan wọ rólà, rólà kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ife irin.

Tí ṣáàfù bá nà gbọọrọ, rólà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó jẹ́ẹ́. Tí ó bá tẹ̀, rólà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ nínú ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú gbogbo ìyípo. Bí ẹrù kò bá pọ̀, wọ́n á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, gíríìsì á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ tí a bá tẹná mọ́lẹ̀, ipá ẹ̀rọ á tẹ rólà mọ́ ògiri ọ̀nà rẹ̀, kò ní lè yí fàlàlà mọ́, á máa ha irin, híha yẹn á sì máa ti ṣáàfù sí ẹ̀gbẹ́. Rólà kìíní á tì í, ìkejì á tì í, ìkẹta á tì í, ìyípo kan á pé. Ẹni tó bá ti rí obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó ń balẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé láìkọlu ara wọn, ti mọ ohun tí mò ń sọ: odó kan, ọwọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ilé sì ń mì. Jọ́ìntì tuntun pàápàá máa ń ṣe é díẹ̀. Èyí tó ti jẹ, tí ògiri ọ̀nà rẹ̀ ti ní kòtò níbi tí rólà máa ń dúró sí, á ṣe é débi tí omi inú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ á máa jó.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ti mú kí wọ́n pe àwọn awakọ̀ olóòótọ́ ní onírọ́. Ṣáàfù ọ̀tún wà, ti òsì náà wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ti tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń tì sí apá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, gbígbọ̀n á le. Bí wọ́n bá ń ti ara wọn lódì, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Kọ́nà tí ọkọ̀ ṣẹ́ gbẹ̀yìn ló ń pinnu èyí tí a máa bá pàdé, nítorí pé nígbà tí a bá ń ṣẹ́ kọ́nà, táyà tó wà lóde máa ń yí ju táyà tó wà nínú lọ, ṣáàfù méjèèjì kò sì ní bára wọn dọ́gba mọ́ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, awakọ̀ á ní ó gbọ̀n láàárọ̀, á gbé e wá lọ́sàn-án, mẹkáníìkì á tẹná lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ̀n, wọ́n á sì dá a padà sílé pé ọkàn rẹ̀ ló ń rò ó. Èmi máa ń ní kí a yí ráhùndábáòtù ká kí a tó tún tẹná, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, kí n tó sọ pé kò sí nǹkan.

Ọkọ̀ epo náà ní irú jọ́ìntì yìí. Ohun tó jẹ́ kí ó le lára ọkọ̀ oníná ni bí agbára ṣe ń dé. Ẹ jẹ́ kí n mú Nissan Leaf tó kọ́kọ́ jáde ní ìparí 2010, nítorí pé ìṣirò rẹ̀ rọrùn, mi ò sì sọ pé òun ló ní àìsàn yìí. Ẹ̀rọ iná rẹ̀ ń fúnni ní ipá ìyípo 280 Nm, gíà rẹ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo sì ń sọ ọ́ di bíi ìlọ́po 8. Ohun tó ń dé ara ṣáàfù méjèèjì lé ní 2,200 Nm. Ọkọ̀ epo kékeré lè sún mọ́ iye yẹn nínú gíà kìíní, àmọ́ kò ní pẹ́ tí a ó fi bọ́ sí gíà kejì, ipá á sì dín kù. Leaf á mú un dání láti ìdúró títí dé nǹkan bíi maili 25 ní wákàtí kan, kò sì sí kílọ́ọ̀ṣì tó máa rọra gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn èyí, tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rọ iná á di jẹnerétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, rólà á sì kọjú sí ògiri kejì. Nínú ìlú tí iná pupa pọ̀ bí ti Lọ́ńdọ̀nù, tẹná-gbẹ́sẹ̀-tẹná-gbẹ́sẹ̀ ni iṣẹ́ míníkáàbù láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí a bá sì tẹná, imú ọkọ̀ máa ń gbé sókè, ìdí á rẹlẹ̀. Tí èrò mẹ́ta bá wà lẹ́yìn tí wọ́n kó àpótí lọ sí Heathrow, ìdí á tún rẹlẹ̀ sí i. Imú tó gbé sókè yẹn ló ń mú kí ṣáàfù iwájú tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ní àkókò náà gan-an tí ipá pọ̀ jù.

Nítorí bí ṣáàfù ṣe tẹ̀ tó ni mo ṣe ń bá àwọn tó kàn ń pààrọ̀ ṣáàfù jà. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìbàdàn, gbé ọkọ̀ wọn wá. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti pààrọ̀ ṣáàfù iwájú méjèèjì fún wọn. Gbígbọ̀n rẹ̀ dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. “Àbúrò mi, ṣáàfù gidi ni kí o bá mi wá, mi ò bínú sí iye tó bá jẹ́.” Mo wo ṣáàfù náà, ojúlówó ni. Rọ́bà tó bo jọ́ìntì kò ya, gíríìsì kò tú jáde. Ìbéèrè tó kù ni ohun tó ń pa ṣáàfù tó dára.

Mo wo sípíríǹgì iwájú méjèèjì, mo wọn gíga ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n bára mu. Mo wá fi irin gígùn gbé ẹ̀rọ díẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìn-síìtì ẹ̀yìn ti dì í mú. Ó gbé sókè wọ̀ọ̀, kò sì yẹ kó gbé bẹ́ẹ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ ti là láti ẹ̀yìn, ibi tí ojú kò lè rí láti òkè. Tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ̀rọ á jókòó sí àyè rẹ̀, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó pé. Tí wọ́n bá tẹná, gbogbo ẹ̀rọ àti gíà á fì sẹ́yìn, ife jọ́ìntì inú á bá a lọ, ṣáàfù á sì tẹ̀ kọjá ààlà. Mo so fóònù mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó ya fídíò nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń wà á, mo sì fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, “Ṣé nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìdí mi láti ọjọ́ yìí nìyẹn?”

Mo pààrọ̀ ẹ́ńjìn-síìtì yẹn nìkan lákọ̀ọ́kọ́, a sì jáde lọ dán an wò. Gbígbọ̀n náà lọ sílẹ̀ púpọ̀, àmọ́ fóònù ṣì ń ka ìlù mẹ́ta yẹn fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣáàfù tó jẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n gbé e wọlé ti fara gba nínú ìyà náà. Nígbà tí mo tú jọ́ìntì inú, tí mo nu gíríìsì kúrò, tí mo fa èékánná lórí ògiri ọ̀nà rólà, èékánná mi há. Ibi tí èékánná bá ti há, rólà náà á há. A pààrọ̀ wọn. Ó dùn mí pé owó ṣáàfù jáde lápò wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ká ní wọ́n ti rí rọ́bà tó là yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀, tàkọ́kọ́ ì bá tó.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó bá ti tú ṣáàfù ọkọ̀ epo rí, àyàfi ohun díẹ̀ tí mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń kọjá nítòsí ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Iná ilé ní ìlú yìí jẹ́ fóòtì 230. Ti bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná wà ní agbègbè 350 sí 400, kì í sì í ju ẹni tó bá mú un dànù, ó lè dì í mú ni. Èmi máa ń pa ọkọ̀ pátápátá, màá gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà, màá yọ bátìrì kékeré oní-fóòtì 12, màá yọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi síbẹ̀ láti gé iná ńlá, màá sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ náà sọ kí iná tó kù nínú kàpásítọ̀ tó tán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń rò pé ìdúró yẹn ń fi àkókò ṣòfò. Mi ò gbà fún wọn.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó di ṣáàfù mú mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, tuntun ni mo máa ń lò, mi ò sì ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ dì í parí, sípánà tó ń ka ipá ni. A kì í di ṣáàfù mú kí a máa fà á tagbára-tagbára láti yọ ọ́, nítorí pé rólà lè jábọ́ kúrò nínú ife rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Gíríìsì tó bá bá jọ́ìntì náà wá nínú ọ̀rá ni kí a lò, kí a sì lo gbogbo rẹ̀, nítorí pé èyí tó dára fún jọ́ìntì oníbọ́ọ̀lù kò fi dandan dára fún oníka mẹ́ta. Bóòtù tó di ẹ́ńjìn-síìtì mú, ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀rọ ti jókòó bó ṣe máa ń jókòó, ni kí a tó dì í pa. Ẹni tó bá dì í pa nígbà tí jáàkì ṣì gbé ẹ̀rọ sókè ti lọ́ rọ́bà tuntun náà ní ìlọ́kúlọ̀ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò sì tún là. Mo fura pé bí ti àkọ́kọ́ ṣe là nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan fi ń “tún un ṣe” tí n kò fara mọ́. Wọ́n á ní kí awakọ̀ fi ọkọ̀ sí Eco, kí ó sì máa rọra tẹná. Ẹlòmíràn á fi kọ̀ǹpútà dín ipá ẹ̀rọ kù. Gbígbọ̀n á dáwọ́ dúró lóòótọ́, nítorí pé ẹrù ti dín kù. Rọ́bà tó là kò tíì dì, kòtò tó wà nínú ife kò tíì kún. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ oníná máa ń kọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láti fi ipá ẹ̀rọ pa gbígbọ̀n kan, èyí tó ń wá nígbà tí ṣáàfù bá lọ́ díẹ̀ tó sì tún na ara rẹ̀ padà. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ kí a gba agbára lọ́wọ́ ẹni tó ti san owó agbára, kí ó má baà mọ̀ pé irin ń jẹ irin, ìyẹn kò yẹ ọmọlúàbí. Ọjọ́ tí ó máa nílò ipá yẹn, bóyá láti bọ́ sáàárín àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà M25, kò ní rí i lò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé ilé náà. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì fò kúrò ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn mi ní Èkó kò yéé bi mí léèrè nípa ọkọ̀ oníná tó jẹ́ tòkunbọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún wọn kì í kan bátìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì ni gbogbo wọn ń bèèrè. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé e sókè. Gbogbo wa mọ àṣà yẹn: kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà, ikùn ọkọ̀ ń ha ilẹ̀, wọ́n á gbé e lọ bá mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á ki rọ́bà tàbí irin sórí sípíríǹgì, ọkọ̀ á ga. Ọkọ̀ epo máa ń fara dà á, tàbí kí ariwo rẹ̀ bo ohun tó ń jẹ lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ oníná tí a gbé sókè bẹ́ẹ̀, ṣáàfù rẹ̀ á tẹ̀ láti ìdúró, kí ẹnikẹ́ni tó tẹná rárá. Bátìrì tó wúwo tó nǹkan bíi 300 kílò, gẹ́gẹ́ bíi ti Leaf yẹn, sì wà nínú rẹ̀ tí ipá ìyípo gbọ́dọ̀ tì lọ.

Àbúrò mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní Mushin fi fídíò ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Olówó rẹ̀ ti gbé e sókè, ó sì ti ń gbọ̀n tó bá fẹ́ gun afárá. Mo ní kí ó yọ irin tí wọ́n ki sórí sípíríǹgì kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù o. Tí òjò bá rọ̀ ní Ìkòròdú, ibo ni kí ọkọ̀ yìí gbà?” Òótọ́ ló sọ, mi ò sì ní ìdáhùn tó kọjá pé ìjọba ló yẹ kí ó dí kòtò. A jọ ṣe ìṣirò lórí fóònù. A fẹnu kò sí irin tí kò nípọn tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, pátákó irin tí yóò dáàbò bo ikùn bátìrì, ẹ́ńjìn-síìtì tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé kí ó máa tú rọ́bà jọ́ìntì inú wò ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wá pààrọ̀ táyà, kí ó má dúró dìgbà tí yóò gbọ̀n. Mo ní kí ó so fóònù mọ́ ìdí àga kí ó tó tú nǹkan kan, kí ó sì tún so ó lẹ́yìn tó bá tò ó tán, kí a lè fi ìlù ìṣáájú wé ti ẹ̀yìn. Ó ti rí áàpù náà. Owó irin tuntun ni olówó ọkọ̀ ń wá báyìí.